Lẹ́ǹsì Zenit bàbá mi lórí kámẹ́rà Sony: kí ló dé tí òkè Olósùnta kò fi hàn kedere?

Ọmọ Onífótò, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì (Ọjọ́ Àìkú, agogo 7:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ fọ́tò. Iṣẹ́ fọ́tò ni bàbá mi tó ti di olóògbé fi tọ́ wa ní ìlú Ìkẹ́rẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí kámẹ́rà oní-fíìmù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ lóṣù tó kọjá, mo rí Zenit-E wọn nínú àpò aláwọ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì iwájú rẹ̀, tí wọ́n kọ HELIOS-44-2 sí lára, ṣì ń yí geere. Mo ra adáptà fún un, ìyẹn òrùka irin tí ẹnu rẹ̀ kan gba lẹ́ǹsì onískúrùú, tí ẹnu kejì sì gba Sony a6000 tí mo fi ń ṣiṣẹ́.

Ìṣòro mi rèé. Tí mo bá ya ẹni tó jókòó nítòsí, àwòrán náà máa ń wuni débi pé ìyá mi sọ pé ojú iṣẹ́ bàbá mi gan-an ló jọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjú rẹ̀ sí òkè Olósùnta láti ẹ̀yìnkùlé wa, tí mo yí òrùka fókọ́ọ̀sì títí tí kò fi lè lọ mọ́, bàìbàì ni òkè náà ń ṣe. Igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí mo dúró, ló mọ́ jù lọ nínú àwòrán yẹn. Ẹni tó ta adáptà fún mi ní lẹ́ǹsì àtijọ́ kò lè bá kámẹ́rà òde òní ṣe, pé kí n lọ ra tuntun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo sì tún rí nǹkan kan bí òwú aláǹtakùn létí dígí inú lẹ́ǹsì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àgbà Ayàwòrán, Adó-Èkìtì (Ọjọ́ Àìkú, agogo 9:05 alẹ́)

Àbúrò mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tí ẹni tó tajà fún ọ sọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ yẹn ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ohun ìní àwọn òbí wọn fún oní-panti.

Gbogbo lẹ́ǹsì ni wọ́n ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n àlàfo kan tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ojú irin tí a ti dè é mọ́ kámẹ́rà àti ojú fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sí (sẹ́ńsọ̀ ló gba ipò fíìmù nínú kámẹ́rà òde òní). Fún lẹ́ǹsì onískúrùú M42, irú èyí tí Zenit, Praktica àti Pentax àtijọ́ ń lò, àlàfo náà jẹ́ mìlímítà 45.46. Ìdí tó fi gùn tó bẹ́ẹ̀ ni pé dígí ìwojú kan wà nínú kámẹ́rà ìgbà náà, tó máa ń gbé àwòrán lọ sí ojú ihò tí a ń yọjú wò, dígí náà sì gbọ́dọ̀ rí àyè gbéra sókè kí ìmọ́lẹ̀ tó lè kan fíìmù. Kámẹ́rà mirrorless kò ní dígí yìí, ìdí nìyẹn tí àlàfo tirẹ̀ fi kúrú: ti Sony E, irú a6000 tìrẹ, jẹ́ mìlímítà 18, ti Fujifilm X jẹ́ 17.7, ti Canon RF jẹ́ 20, ti Nikon Z sì jẹ́ 16 péré. Iṣẹ́ tí adáptà ń ṣe kò ju pé kó dí àyè tó ṣẹ́ kù lọ. Yọ 18 kúrò nínú 45.46, yóò ku 27.46. Bí adáptà rẹ bá ga tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ẹni pé ara Zenit ni lẹ́ǹsì náà ṣì wà ni yóò ṣe máa ṣiṣẹ́.

Igi ọsàn ẹ̀bá kànga yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Tí adáptà bá fi ìdajì mìlímítà péré ga ju bó ṣe yẹ lọ, lẹ́ǹsì oní-mìlímítà 58 bíi Helios rẹ kò ní lè fi ohun tó bá jìnnà ju nǹkan bíi mítà 7 lọ hàn kedere, bó ti wù kí o yí òrùka rẹ̀ tó. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kò sì jìnnà sí mítà 7. Nítorí náà, lójú tèmi, kò sí ohun tó ṣe dígí inú lẹ́ǹsì bàbá rẹ. Ìjókòó rẹ̀ ni kò gún. Kọ́kọ́ wò ó bóyá lẹ́ǹsì náà wọlé dé ìdí nínú skúrùú adáptà, nítorí pé ìdọ̀tí àtọdúnmọ́dún lè dá a dúró kó tó dé ìdí. Lẹ́yìn náà, wo ara adáptà náà yíká, wàá rí skúrùú mẹ́ta tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Àwọn ló di òrùka inú mú. Bí wọ́n bá tú, òrùka inú yóò gbéra díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì tó láti fọ́ gbogbo nǹkan lójú. Ohun kẹta tó lè fà á ni pé kí ẹnì kan ti tú lẹ́ǹsì náà rí, kó sì dá a padà sórí ẹsẹ̀ skúrùú tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti adáptà kúrò nílẹ̀.

Ayàwòrán Òde, Ìkọ̀lé-Èkìtì (Ọjọ́ Ajé, agogo 6:20 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Mi ò ní jiyàn lórí ìṣirò yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ fún àbúrò wa pé kó má ṣe gbé lẹ́ǹsì yìí lọ sí òde tí wọ́n ti sanwó fún un. Mo ti dán an wò rí. Lẹ́ǹsì àtijọ́ oní-50 ni mo gbé dání níbi ìgbéyàwó kan, nítorí pé ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ máa ń rọ̀ dáadáa. Nígbà tí ìyàwó ń jó wọlé, ọwọ́ mi wà lórí òrùka, mò ń yí i bí ó ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í dúró de ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ rẹ̀. Nínú àwòrán tó lé ní ọgbọ̀n, mẹ́rin péré ni ojú rẹ̀ ti mọ́. Àwọn yòókù, gèlè ẹni tó ń rọ̀jò owó lẹ́yìn rẹ̀ ló mọ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo dá apá kan owó wọn padà, ojú sì tì mí. Níbi tí nǹkan ti ń yára kọjá, lẹ́ǹsì tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni kí a lò.

Ìyá Ìbejì Onífótò, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè (Ọjọ́ Ajé, agogo 10:15 àárọ̀)

Ọmọ mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọ̀rọ̀ òwú aláǹtakùn yẹn ni mo fẹ́ dá sí, torí pé kò sí ẹni tó ń gbé àárín òkè àti ìkùukùu bíi tiwa ní Ẹ̀fọ̀n tí kò mọ̀ ọ́n. Olú wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Ọ̀rinrin àti òkùnkùn ló fẹ́ràn, àpò aláwọ tí kámẹ́rà náà ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí sì ní méjèèjì. Awọ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sára, á sì tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá lẹ́ǹsì náà padà sínú àpò yẹn mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú àpò náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, ẹ gbé e sí ibòmíràn.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí lẹ́ǹsì náà láti ẹ̀yìn, kí ẹ ṣí ihò rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sílẹ̀ tán, kí ẹ sì wò ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ etí nìkan ni òwú náà wà, kò ní fara hàn nínú àwòrán. Bó bá ti tàn dé àárín, àwòrán yóò máa funfun bí ẹni pé kurukuru bò ó, pàápàá tí ìmọ́lẹ̀ bá ń bọ̀ láti iwájú, ẹ ó sì nílò ẹni tó mọ bí a ti ń tú lẹ́ǹsì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́, nítorí pé bó bá pẹ́ lórí dígí, á jẹ àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kun ojú rẹ̀, ojú àpá yẹn kò sì ní lọ mọ́ bí wọ́n bá tilẹ̀ nù ún.

Ike onídèérí tó dé pinpin, irú èyí tí a ń kó oúnjẹ sí, ni mò ń tọ́jú tèmi sí. Mo máa ń kó àwọn àpò pélébé oníhóró tó ń wá nínú páálí bàtà tuntun sí i, torí pé wọ́n máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Àwọn kan máa ń fi ìrẹsì rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, ìyẹ̀fun ara ìrẹsì ń wọ inú òrùka lẹ́ǹsì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ (Ọjọ́ Ajé, agogo 1:30 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi kan fún mi ní lẹ́ǹsì Canon FD 50mm f/1.8, Canon oní-dígí, èyí tó ń gba lẹ́ǹsì EF, ni mo sì ní. Níwọ̀n bí méjèèjì ti jẹ́ Canon, ṣé adáptà kan á so wọ́n pọ̀? Mo tún rí Super-Takumar 50mm f/1.4 kan tí dígí rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Àgbà Ayàwòrán, Adó-Èkìtì (Ọjọ́ Ajé, agogo 8:50 alẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ni wọ́n ti bá mi sọ yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìdè wọn kò bára mu. Ìdè FD jáde ní ọdún 1971, àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 42. Ní ọdún 1987, Canon pa á tì, wọ́n gbé EF jáde, àlàfo tìyẹn sì jẹ́ 44. O rí i pé lẹ́ǹsì FD ti jìnnà jù kí a tó fi adáptà sí i rárá, a kò sì lè ṣe adáptà tó ga ní ìwọ̀n òdì. Àwọn kan ń ta adáptà tó ní dígí lẹ́ǹsì kékeré nínú, ṣùgbọ́n dígí yẹn á ba iṣẹ́ lẹ́ǹsì jẹ́. Dúró di ìgbà tí o bá ní mirrorless. Lórí Canon RF, mìlímítà 22 ni adáptà rẹ yóò jẹ́, kò sì ní sí wàhálà. Kí o rí i dájú pé adáptà náà ní òrùka tó ń ti ọ̀pá kékeré ẹ̀yìn FD, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ihò rẹ̀ kò ní pa dé.

Takumar tó pọ́n kò tíì bàjẹ́. Wọ́n fi thorium, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde, sínú dígí irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ láti mú kó tẹ ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ìtànṣán tó ń jáde lára thorium náà ló sì ń sọ dígí di pípọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré, a lè fi ya àwòrán láìsí ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n má ṣe lọ dígí náà, má sì fi sùn lórí ìrọ̀rí. Oòrùn lè fọ àwọ̀ náà kúrò bí o bá ń sá a fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Oòrùn tó bá gba inú lẹ́ǹsì kọjá lè dáná sórí tábìlì, nítorí náà fi bébà onífàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ tẹ́ ìdí rẹ̀, má sì kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o má ṣe gbé lẹ́ǹsì tó ṣí sílẹ̀ tán kojú oòrùn ọ̀sán lórí mirrorless, nítorí pé kò sí dígí ìwojú tó máa dáàbò bo sẹ́ńsọ̀.

Ọmọ Onífótò, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì (Ọjọ́rú, agogo 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi Adó, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo gbé adáptà náà lọ bá bàbá aláago kan lọ́jà, nítorí pé skúrùú mẹ́ta yẹn kéré ju ohun tí irinṣẹ́ mi lè dì mú. Wọ́n fi awò ojú wọn wò ó, wọ́n sì fi èékánná kan òrùka inú náà. Òrùka ọ̀hún mì! Méjì nínú skúrùú mẹ́ta náà ti tú, ẹ̀gbẹ́ kan òrùka inú sì gbéra sókè níwọ̀n tí èékánná fi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dé ìdí, wọ́n yí i títí tí àmì pupa orí lẹ́ǹsì fi wà lókè gangan tí a bá dè é mọ́ kámẹ́rà, wọ́n sì fún skúrùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Wọn kò gba ju owó páànù gààrí kan lọ lọ́wọ́ mi.

Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé. Olósùnta yọ sí mi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́: ilà dúdú tí omi òjò ti fà sára àpáta láti òkè wá sísàlẹ̀, mo lè kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Mo wo òwú aláǹtakùn náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì bí Mọ̀mí Ẹ̀fọ̀n ti wí, etí nìkan ló wà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá wà níwájú mi, àwọn ibi dúdú inú àwòrán máa ń di eléérú. Ṣé òwú náà ló fà á?

Àgbà Ayàwòrán, Adó-Èkìtì (Ọjọ́rú, agogo 9:00 alẹ́)

Inú mi dùn púpọ̀. Bá mi kí bàbá aláago yẹn.

Ti eérú yìí lè jẹ́ ti lẹ́ǹsì, torí pé àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun dígí nígbà náà kò lè dá ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ dúró bíi ti ìsinsìnyí. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ifá kó má hùwà ẹ̀kùrọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yọ lẹ́ǹsì, kí o sì wo inú adáptà. Bí irin inú rẹ̀ bá ń dán, ìmọ́lẹ̀ ń ta lára rẹ̀ bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ ni. Gé aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú rẹ̀ yíká, kó má ṣe yọ bo ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Wá ìbòrí iwájú fún lẹ́ǹsì náà pẹ̀lú, mìlímítà 49 ni ẹnu rẹ̀.

Nípa fókọ́ọ̀sì, jẹ́ kí n sọ bí èmi ti ń ṣe é, torí pé ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sú. Òrùka méjì ló wà fún ihò Helios 44-2. Èyí tó ní nọ́ńbà lára ni o fi ń yan ibi tí o fẹ́ kó dé, bíi f/4 (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe tóbi tó ni ihò ṣe ń kéré tó). Èkejì kò ní nọ́ńbà, ṣe ló kàn ń yí láti orí f/2 dé ibi tí o yàn, tí á sì dúró níbẹ̀. Ṣí i dé f/2, wá fókọ́ọ̀sì nínú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, kí o wá fi ìka yí òrùka kejì títí tó fi dúró, láìgbé ojú kúrò, kí o sì tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà rẹ kò ní mọ̀ pé o fọwọ́ kan lẹ́ǹsì, torí náà kò ní fẹ̀ àwòrán fún ọ fúnra rẹ̀; fi Focus Magnifier sí bọ́tìnnì kan tí àtàǹpàkò rẹ lè kàn. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé focus peaking nìkan, ìyẹn àwọ̀ pupa tí kámẹ́rà fi ń kun etí ohun tó rò pé ó mọ́. Tí ènìyàn bá jìnnà sí ọ ní mítà 1, tí ihò wà ní f/2, ohun tó máa mọ́ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àti díẹ̀ lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ pupa lè bo láti imú dé etí. Fẹ àwòrán sí ojú, wo irun ìpéǹpéjú.

Ìyá Ìbejì Onífótò, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè (Ọjọ́bọ̀, agogo 7:45 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún ọmọ wa. A6000 kò ní ohun tó ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró nínú ara rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré ju fíìmù lọ, ó sì ń gé etí àwòrán, tó fi jẹ́ pé 58 yìí ń ṣe bíi 87. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyára tí kámẹ́rà fi ń ya àwòrán lọ sílẹ̀ ju 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Gígé yìí náà ló fà á tí ẹ kò fi ní rí yíyí tí ewé ẹ̀yìn àwòrán máa ń yí bí òòyì, èyí tí wọ́n mọ Helios mọ́, púpọ̀: etí àwòrán ni yíyí náà pọ̀ sí, etí yẹn gan-an ni sẹ́ńsọ̀ yín ń gé dànù. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń yà sún mọ́ yín, kí igi eléwé wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sì wà lókèèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Ayàwòrán Òde, Ìkọ̀lé-Èkìtì (Ọjọ́bọ̀, agogo 12:00 ọ̀sán)

Mo gbé tèmi jáde láti inú dúrọ́ọ̀ lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ àbúrò wa. Skúrùú kan tú lára adáptà tèmi náà. Mi ò ní gbé e lọ ya ìyàwó tó ń jó, ọ̀rọ̀ mi kò yí padà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n mo fi ya ìyá mi àgbà níwájú ilé lónìí, mo sì ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Ọmọ Onífótò, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì (Ọjọ́ Àìkú, agogo 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti lẹ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, eérú náà sì dín kù gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tán. Lánàá, mo lọ sí Ìsàn-Èkìtì lọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò, mi ò gbé lẹ́ǹsì mìíràn dání. Iṣẹ́ wọn kò yára, kò sì dúró: màmá náà ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Mo kọ́kọ́ ń lé e kiri pẹ̀lú òrùka, kò bọ́ sí i. Mo wá fi fókọ́ọ̀sì sí etí ìkòkò, mo pa ihò dé f/4, mo sì dúró de ọwọ́ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá yí dé apá ọ̀dọ̀ mi, àtàǹpàkò rẹ̀ á gba ibì kan náà kọjá.

Nínú àwòrán kẹtàlá, amọ̀ tútù wà nínú ilà ọwọ́ rẹ̀, ó ń dán, èékánná rẹ̀ kan ti sán, a sì rí ojú sísán náà. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e fún ìyá mi láìsọ ohun tí mo fi yà á. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ibo ni mo ti rí fíìmù rà.